Arógunmásàá àti Kókó Apá Mi

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bí kókó kan bá wà lábẹ́ awọ ara rẹ báyìí, tí o tẹ̀ ẹ́ tí kò dùn ọ́, tí o wá ń sọ fún ara rẹ pé ohun tí kò dunni kì í pani, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ láàárọ̀, mo tún un sọ lọ́sàn-án, mo sì fi sùn. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀: nígbà tí olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé bú wa ju bó ṣe ń fi kọ́ wa lọ ni mo ti gba oko lọ. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí mi ò jẹ́ kí ojú ẹlòmíràn rí.

Sakété ni ilé mi wà, ṣùgbọ́n oko mi wà lọ́nà Aguidi, ní ìsàlẹ̀ kan tí omi ti máa ń dúró pẹ́ lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún tòmátì àti ata. A máa ń wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, apá wa á sì wọ̀ ọ́ dé ìgunpá. Ibi tí mo ti ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lápá ni ọwọ́ mi ti kan kókó kan lókè ìgunpá ọ̀tún. Ó le, kò sì ju ẹyin alángbá lọ. Mo rò pé kòkòrò ló ta mí. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí. Inú mi dùn. Ẹ ò rí irú òmùgọ̀ tí inú rẹ̀ ń dùn?

Nígbà tó yá, kókó náà fẹ̀. Awọ orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ibẹ̀ wá le bíi pákó, apá mi sì wú. Síbẹ̀, kò dùn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Egbò kékeré lásán máa ń ta ènìyàn, kí wá ni èyí tó tóbi tó báyìí tó sì dákẹ́? Ó dà bí àlejò tó wọ ilé ẹni tí kò kí ẹnikẹ́ni.

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ahoyéyé. Ọmọ ìyá mi ni, àgbẹ̀ ni, láti ìgbà tí bàbá wa sì ti kú, òun ni bàbá. Ó mọ ewé. Bí ọmọdé bá ń gbóná ní gbogbo agbègbè yẹn, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo bá a lábẹ́ ọ̀pẹ, ó ń pọ́n àdá. Mo ká apá aṣọ mi sókè.

Ó ní, "Ó ń dùn ọ́?"

Mo ní, "Kò dùn mí rárá, Ẹ̀gbọ́n."

Ó yí ojú padà sí ara ọ̀pẹ wàrà-wàrà, bí ẹni tó ká ìyá ìyàwó rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń wẹ̀. "Bò ó! Mo ní kí o bò ó!"

Mo bò ó. Ó wá ṣàlàyé fún mi, síbẹ̀ ara ọ̀pẹ ló ń wò. Ó ní àìsàn tí Ọlọ́run dá máa ń dunni, kí ènìyàn lè mọ̀ pé ó dé. Èyí tí kò bá dunni, ẹnìkan ló fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá sì ti fi ránṣẹ́, ojú ènìyàn ni oúnjẹ rẹ̀; gbogbo ojú tó bá rí i, jíjẹ ló fún un. Irin kò sì gbọdọ̀ kàn án, nítorí bí irin bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ó di ẹran alápatà, gígé ló kù.

Mo ní, "Ojú ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ojú ìyàwó ló burú jù."

"Ojú tèmi ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

Ó ronú díẹ̀. "Máa wo ẹ̀gbẹ́ kan tí o bá ń wẹ̀."

Báyìí ni ìtọ́jú mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó gún ewé, ó sè é, ó ní kí n máa fi í tẹ ibẹ̀ ní gbígbóná. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi tó fi nà án sí mi, bí ẹni tó ń ju eegun fún ajá tó ń bunijẹ. Ojú rẹ̀ kò kan ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ń wo àìsàn mi kò wo àìsàn mi.

Mo padà sí Sakété pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù kan tí apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Oòrùn ń ràn, àwọn ènìyàn bọ́ sí síńgílẹ́ẹ̀tì, èmi wà nínú ẹ̀wù òtútù bí ìyàwó tuntun.

Ìyá Délé, ìyàwó mi, ní, "Bàbá Délé, ṣé òtútù ń mú yín ni?"

Mo ní, "Ibà ni."

Àṣìṣe ńlá ni. Ìyá Délé kì í fi ibà ṣeré. Ó se àgbo, ó korò bí ọ̀rọ̀ àna. Mo mu ún láàárọ̀, mo mu ún lálẹ́, èmi tí mi ò ní ibà. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sí ìjọ rẹ̀, ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, wọ́n tan àbẹ́là fún ibà mi, ibà náà sì lọ lóòótọ́, nítorí kò wá rí.

Ní oko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi, mò ń tẹ ewé gbígbóná mọ́ apá. Bí kò bá gbóná lára mi, mo ń tún un gbé kaná. Mi ò mọ̀ pé awọ ibẹ̀ ti kú, pé kò lè sọ fún mi mọ́ pé iná ni. Ó ṣí. Ẹnu egbò náà kéré, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka kan etí rẹ̀, ìka mi wọlé lọ sábẹ́ awọ bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ àpò ẹlòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn díẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin ará mi, kò dùn mí. Mo jókòó sórí ebè, mo ń gbọ̀n, mo sì wo ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí.

Àkókò yìí ni Rónkẹ́ dé fún ìsinmi. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni, ó ń kàwé ní Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló sì máa ń sinmi. Tọ́ntọ̀n ló ń pè mí, bí àwọn tó ń fi Faransé kàwé ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn. Eré kan ló kó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Eré náà kò ní pátákó, kò ní bọ́ọ̀lù. Ẹnu la fi ń ṣe é. Rónkẹ́ ni yóò sọ ibi tí a wà àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwa yòókù, kálukú á dá ènìyàn kan sílẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, á sì máa sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Bí ohun tí o fẹ́ ṣe bá le, wàá ju kóró lúdò. Bí iye tó jáde bá ga, o ṣe é, bí kò bá ga, ojú tì ọ́. Ìtàn náà jẹ́ ti ọjọ́ iwájú, nígbà tí àwọn ènìyàn ti kọ́lé sórí ìràwọ̀, tí ọkọ̀ wá ń lọ ń bọ̀ lójú ọ̀run bí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ṣe ń lọ ń bọ̀ lọ́nà Onigbolo. Ọkọ̀ tiwa ń kó irúgbìn àgbàdo láti ìràwọ̀ kan sí òmíràn.

Ìyá Délé ní ìjọ òun kò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọkọ̀ náà ní ọ̀gá, ó ní ó dáa, kí wọ́n fi òun ṣe ọ̀gá. Sùlé, aládùúgbò wa tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí a ń pè ní zémíjàn, ló ń wa ọkọ̀. Ó sì máa ń bú ìràwọ̀ tí kò bá yà lọ́nà fún un. Èmi ni mẹkáníìkì. Mo sọ ọkùnrin mi ní Arógunmásàá.

Rónkẹ́ bu ẹ̀wà fún kálukú wa, ó ní kí a pín in sí agbára, ọgbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgboyà. Mo kó gbogbo tèmi lé ìgboyà.

Ó ní, "Tọ́ntọ̀n, ọgbọ́n ńkọ́? Ẹ ò fi hóró kan síbẹ̀."

Mo ní, "Ẹni tó bá ti ní ìgboyà, kí ló fẹ́ fi ọgbọ́n ṣe?"

Sùlé ní, "Bí Bàbá Délé ṣe rí gan-an nìyẹn, ó ku ìgboyà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mo fẹ́ràn Arógunmásàá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo mọ̀ lọ. Ó ga, ó dúdú, etí rẹ̀ kan ti jóná nínú ogun kan tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Iná á máa jó lára ẹ́ńjìnnì, òun á jókòó tì í, á máa fi iná náà yan àgbàdo jẹ. Bí àwọn ọlọ́ṣà ojú ọ̀run bá yọ sí wa, á wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin nìkan ni?" Nígbà tí mo bá wà lóko pẹ̀lú apá mi tó ń rùn, mo máa ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo máa wo egbò náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, màá ní, "Ìwọ nìkan ni?" Ó máa ń ṣiṣẹ́ títí mo fi máa délé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, a jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ sí ìlú kan lórí ìràwọ̀ pupa. Rónkẹ́ ní àwọn aṣọ́bodè ìlú náà ń bẹ̀rù àìsàn. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún wa, kálukú gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ ojú ọ̀run tó wọ̀, kí dókítà wọn yẹ ara rẹ̀ wò.

Ìyá Délé ní, "Èmi ọ̀gá ọkọ̀, mo bọ́ tèmi."

Sùlé ní, "Mo bọ́ ọ. Dókítà ní ara mi jọ ara ọba."

Gbogbo wọn wò mí.

Mo ní, "Arógunmásàá kò bọ́ tirẹ̀."

Rónkẹ́ ní, "Kí ló dé, Tọ́ntọ̀n?"

"Kò wù ú."

"Wọn ò ní ṣílẹ̀kùn o. Irúgbìn máa bàjẹ́ nínú ọkọ̀."

"Kó bàjẹ́."

Ìyá Délé na ìka sí mi. "Arógunmásàá, èmi ọ̀gá rẹ ni mo pàṣẹ fún ọ. Bọ́ aṣọ yẹn!"

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Mo ní, "Arógunmásàá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó bẹ́ sójú ọ̀run."

Sùlé bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àpótí. "Ẹ gbà mí o! Arógunmásàá sá! Ẹni tó ń fi iná ọkọ̀ yan àgbàdo, ó sá fún dókítà!"

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Òógùn bò mí nínú ẹ̀wù òtútù. Eṣinṣin kan bà lé apá ọ̀tún mi. Mo lé e. Méjì padà wá. Ìyá Délé kò rẹ́rìn-ín. Àwọn eṣinṣin yẹn ló ń wò.

Rónkẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Tọ́ntọ̀n, kí ló wà lábẹ́ aṣọ Arógunmásàá?"

"Kò sí nǹkan."

"Ó ń dùn ún ni?"

"Rárá. Kò dùn ún."

Ìyá Délé ní, "Tiyín ńkọ́? Ṣé tiyín ń dùn yín?"

Mo ní, "Kò dùn mí," kí n tó mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Ìyá Délé di ọwọ́ mi mú, ó ká apá ẹ̀wù náà sókè. Sùlé dìde dúró, ó sì lọ wo ẹ̀yìn igi. Ìyá Délé kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣì di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ibà. Ibà tí mò ń se àgbo fún."

Bí ẹnikẹ́ni bá ti bú ọ rí, ìwọ mọ èébú. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tó ń se àgbo fún ọ bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, wàá fẹ́ kí ó bú ọ.

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìyá Délé ní kí wọ́n gbé mi lọ dùbúlẹ̀ ní ilé àdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ lórí fóònù pé ojú mẹ́ta ti rí ibẹ̀, ó ké, ó ní ó parí, kí wọ́n gbé mi wá sí Ahoyéyé kí oòrùn tó wọ̀. Rónkẹ́ ní ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì òun nígbà tí òun wà ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, tí irú rẹ̀ ṣe ní ẹsẹ̀, ilé ìwòsàn kan ní Pobè tí wọ́n ti mọ irú egbò yìí dáadáa ló ti gbádùn. Èmi fẹ́ ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n jẹ́ kí n wọ ẹ̀wù mi padà.

Sùlé ló parí ẹjọ́. Ó ní, "Lọ́la, mo máa gbé Bàbá Délé lọ sí Pobè. Ẹ lè máa bá ìjà yín lọ tí a bá dé."

Ìyá Délé wò mí, ó wo apá náà. Ó wọlé, ó gbé ìgò omi àdúrà rẹ̀ jáde, ó fi sínú báàgì mi, ó fi aṣọ ìyípadà lé e. Ó ní, "Omi yìí kò ní kí a má lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì tò fún dókítà rí, ẹ gbé ìjókòó tó rọ̀ dání àti sùúrù. Èrò ti kún kí a tó dé Pobè. Gbogbo bẹ́ńṣì ni apá tàbí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun dì wà. Ìyá àgbà kan láti ìlú àwọn Ohori jókòó tì mí, orúnkún rẹ̀ ni wọ́n dì. Ó wo bí mo ṣe ń gbọ̀n.

Ó ní, "Ọkùnrin, ṣé wọ́n ti sọ pé wọ́n máa gé apá náà ni?"

Mo ní, "Wọ́n máa ń gé e ni, Ìyá?"

"Ti ẹni tó bá pẹ́ dé. Ìwọ, ṣé o pẹ́ dé?"

Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Ìyá Délé ní òun á bá mi lọ. Bó ṣe sìn mí lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ tó sì dúró síbẹ̀ nìyẹn, bí ọlọ́pàá.

Dókítà wo ibẹ̀ láìyí ojú kúrò. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní àìsàn àwọn tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ omi tó dúró ni, kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn, mo bi í nípa ojú, ó ní ojú kò lè bọ́ ọ. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ fò. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ohun tó ti kú kúrò, wọ́n á sì mú awọ láti itan lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ó ti ń sún mọ́ oríkèé ìgunpá. Bí ó bá débẹ̀, apá náà lè ká kò má sì nà mọ́, tàbí kí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Mo ní, "Kò dùn mí ni."

Nọ́ọ̀sì tó dúró tì í mí kanlẹ̀. "Gbogbo yín lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n fún mi ní ibùsùn. Ẹ máa bi mí nípa owó. Oògùn gan-an kọ́ ló wọ̀ wá lọ́rùn. Oúnjẹ ni, àti lílọ bíbọ̀, àti oko tí koríko ń bò. Ìyá Délé ta àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Kò sọ iye rẹ̀ fún mi, ìtìjú kò jẹ́ kí n bi í.

Ìgbà tí wọ́n bá ń tú egbò láti wẹ̀ ẹ́ ni ọ̀run àpáàdì mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan lára. Nígbà tí oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ọjọ́ kan dé tí nọ́ọ̀sì fi omi kan etí egbò náà, mo sì ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Inú nọ́ọ̀sì dùn. Ó ní ibi tó ń dunni ni ibi tó wà láàyè. Mo ní kí ó dárí jì mí, pé ìgbà mìíràn kí ó bá mi yọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Rónkẹ́ máa ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Eré náà kò dúró. Ìyá àgbà olórúnkún náà ti wọ inú ọkọ̀ wa, òun ni alásè, ó sì ń fi ata pa wá. Ṣùgbọ́n Arógunmásàá ṣì wà lójú ọ̀run. Rónkẹ́ ní okùn kan ló so ó mọ́ ara ọkọ̀, afẹ́fẹ́ inú aṣọ rẹ̀ sì ń tán lọ. Nígbàkígbà tó bá bi mí pé kí ló fẹ́ ṣe, màá ní, "Ó ń ronú."

"Tọ́ntọ̀n, ẹ ò fún un ní ọgbọ́n kankan. Kí ló ń fi ronú?"

Mo bi í ní ọjọ́ kan ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá òfin eré náà gbà kí n yọ díẹ̀ nínú ẹ̀wà ìgboyà Arógunmásàá kí n fi sí ara mi. Ó ní, "Eré ò gba bẹ́ẹ̀, Tọ́ntọ̀n."

Dókítà dá ọjọ́ ọ̀bẹ. Mi ò jẹun mọ́. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ nípa irin padà wá jókòó sórí àyà mi. Mo ti ń rí ara mi lóko, mo fi ọwọ́ òsì kan ṣoṣo di ọkọ́ mú, mò ń yí po bí adìyẹ tó jẹ májèlé. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe? Mo yá fóònù, mo pe Ẹ̀gbọ́n fúnra mi. Mo ní kí ó wá gbé mi, kí ó má jẹ́ kí Ìyá Délé gbọ́.

Ó dé ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọ̀bẹ, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti àpò ewé. Ìyá Délé ti wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú egbò náà sílẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó rí aṣọ funfun tí wọ́n tú, ó yára kọjú sí ògiri.

Ó ní, "Àbúrò mi, dìde, ká lọ."

Mo ti fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀.

Ìyá Délé kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Ọmọ ìyá yín ni. Ẹ kàn wò ó kí ẹ tó gbé e."

"Ojú kò gbọdọ̀ rí i."

"Ojú ti rí i, Bàbá. Tiyín nìkan ló kù."

Ìyá àgbà olórúnkún sọ láti orí ibùsùn rẹ̀ pé, "Àgbà kì í tọ́jú ohun tí kò rí. Bí mo bá gbé iṣu fún ọ nínú àpò, ṣé wàá dá iye lé e kí o tó ṣí i?"

Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ẹ̀gbọ́n má yíjú, kí ó kàn gbé mi lọ. Ó yíjú.

Ó wò ó. Láti òkè apá dé etí ìgunpá, ó wà ní pupa, ó ṣí sílẹ̀, ojú ibi tí ewé gbígbóná ti bó ṣì hàn yí i ká. Ó sún mọ́ ọn. Ó ṣí fìlà.

Ó ní, "Ibo ni ewé mi ti kàn án?"

Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí i.

"O ò sì mọ̀ ọ́n lára pé ó gbóná?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n."

Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Ọkùnrin tí mi ò rí omi lójú rẹ̀ nígbà tí a sin bàbá wa, ó fi fìlà nu ojú. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ mi tó wà nílẹ̀, ó gbé e padà sórí ibùsùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Èmi máa jókòó sí ìta." Ó sì jókòó sí ìta lóòótọ́, títí ọjọ́ kejì, pẹ̀lú àpò ewé lórí itan.

Nípa ọ̀bẹ náà, mi ò ní ohun púpọ̀ láti sọ, nítorí mo sùn. Ṣùgbọ́n kí n tó sùn, mo bẹ̀ wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ lórí tábìlì wọn, mo ṣèlérí tòmátì fún gbogbo wọn. Nígbà tí mo jí, mo bẹ̀rù láti wò. Mo ní kí Ìyá Délé bá mi wò ó. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀." Mo ní, "Gbogbo rẹ̀?" Ó fi ẹ̀ṣẹ́ kékeré kan ìka ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó dùn mí. Mo sunkún.

Nígbà tí Rónkẹ́ tún dé, ó ní, "Tọ́ntọ̀n, afẹ́fẹ́ Arógunmásàá ti fẹ́ tán. Kí ló ṣe?"

Mo ní, "Ó di okùn mú, ó fà á títí ó fi padà sínú ọkọ̀. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀ fún dókítà. Ó ń gbọ̀n."

"Kò lè gbọ̀n. Ìgboyà rẹ̀ pé."

"Ṣé tìẹ ni àbí tèmi? Mo ní ó ń gbọ̀n, ó sì bọ́ ọ."

Kò ní kí n ju kóró.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Apá mi ń nà. Kò nà tán bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń di ọkọ́ mú, ó ń gbé garawa. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń bá mi fà á kí ó má bàa ká, mo sì bú gbogbo ẹni tó fà á. Awọ ibẹ̀ dán, ó sì tẹ́ bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Mo ṣì ń lọ sí oko Aguidi, nítorí oko mìíràn kò sí, ṣùgbọ́n mo ń wọ bàtà rọ́bà àti aṣọ alápá gígùn, mo sì ń fi ọṣẹ wẹ̀ tí mo bá jáde nínú ẹrẹ̀. Bí ẹ̀fọn bá jẹ mí, mo máa tẹ ibẹ̀. Bí ó bá dùn mí, màá dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì gbà pé ẹnìkan ló fi í ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé kókó wá fún un ní Ahoyéyé nísinsìnyí, ó máa wò ó dáadáa ní gbangba, á bi í bóyá ó ń dùn ún. Bí onítọ̀hún bá ní rárá, á ní kí ó máa lọ sí Pobè, kí ẹni tó fi ránṣẹ́ lọ gbà á níbẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí mò ń kọ̀wé sí. Má ṣe dúró de ìgbà tí ọkàn rẹ máa le kí o tó lọ. Èmi ì bá ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ẹ̀wù òtútù tí mo bá dúró dè é. Gbé ẹ̀rù rẹ dání, ká apá aṣọ rẹ sókè fún ẹnìkan tó fẹ́ràn rẹ, kí ẹ jọ lọ. Wọn kì í lé ẹ̀rù padà lẹ́nu ọ̀nà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì ní ìgboyà. Apá ni mo ní.